Ẹni Tó Ń Gba Ìròyìn Kì Í Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe títí irun mi fi funfun, èsì mi kì í gùn. Mo gba ìròyìn. Ẹlòmíràn ro oko, ẹlòmíràn kọ́lé, èmi jókòó síbi kan, mò ń gba ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Waya tẹlifóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo fi parí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀nà iṣẹ́ tí ẹ ó yà sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún yín, èyí tó dùn àti èyí tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Ayé ìgbà yẹn dára, bóyá nítorí pé èmi náà kéré nígbà náà ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa, ó gba odidi yàrá, a sì máa ń tò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú káàdì oníhò tí a kọ iṣẹ́ wa sí lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Bí ìdì káàdì bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti dàrú nìyẹn. Mo ṣì máa ń gbóòórùn yàrá náà nígbà mìíràn bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́: bébà tuntun, òtútù ẹ̀rọ, àti epo tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ tò síbẹ̀ ti lọ bá àwọn baba wọn.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gba àlàyé. Oko adìẹ ńlá kan wà lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé, mo kọ lẹ́tà, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ tó jẹun. Oko náà fẹsẹ̀ káàkiri: ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ wà ní Akínyẹlé, oko àgbàdo wà ní Ìjàyè, ilé adìẹ wà ní Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà. Ẹgbẹ́dá ni ọ́fíìsì wà, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìsàba wà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ àgbébọ̀ ṣe, tó ń sàba lórí ẹyin fún ọjọ́ mọ́kànlélógún títí ọmọ yóò fi jáde.

Wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Ọládọ̀kun lọ́wọ́, olórí àwọn tó ń gba tẹlifóònù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, yóò fẹsẹ̀ lásán gba títì kọjá, ojú rẹ̀ á tutù bí omi àmù. Lọ́jọ́ Ajé, rúlà onígi á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi na ẹnikẹ́ni rí, tábìlì ló ń fi nà, ṣùgbọ́n bó bá gbá a, ọkàn èèyàn á fò dé ọ̀nà ọ̀fun.

Pátákó kan wà níwájú wa, ó ní ihò púpọ̀, iná wínníwínní wà lókè ihò kọ̀ọ̀kan. Bí Ìjàyè bá ń pè, iná Ìjàyè á máa ṣẹ́jú. O ó ki okùn bọ̀ ọ́, o ó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, o ó so wọ́n mọ́ ẹni tí wọ́n ń wá, o ó sì kọjú sí iná mìíràn. Okùn mẹ́fà péré la ní. Òfin Ọ̀gá Ọládọ̀kun kò ju gbólóhùn kan lọ: "Gbà á, kọ ọ́, fi ránṣẹ́, padà!"

Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni mo rú òfin náà. Bàbá arúgbó kan ni mánẹ́jà wa ní Ọ̀nà-Àrà. Ó pè, ó fẹ́ ka iye ẹyin ọjọ́ náà fún mi, ló bá ní, "Dúró ná, jẹ́ n wá jígí mi." Mo dúró. Mo dúró dáadáa, etí mi mọ́ fóònù, mò ń gbọ́ bó ṣe ń tú dúrọ́ọ̀ kiri. Lẹ́yìn mi ni mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá.

"Ta lò ń dúró dè?"

"Bàbá Mánẹ́jà ni, sà. Wọ́n ní kí n dúró."

"Iná mélòó ló ń ṣẹ́jú níwájú ẹ?"

Mo gbójú sókè. "Mẹ́ta, sà."

"Ṣé òkúta ló ń pè ọ́ níbẹ̀ ni?"

Ọ̀kan nínú iná mẹ́ta náà ni Ìjàyè. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọ ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo, wọ́n ń wá ọkọ̀ omi. Ọlọ́run ṣàánú wa, àwọn àgbẹ̀ tó ń kọjá ti fi ewé tútù lù ú pa kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Ó kàn gbé àga mi kúrò.

"Ìwọ fẹ́ràn ìdúró," ó ní. "Máa dúró."

Odindi oṣù kan ni mo fi dúró ṣiṣẹ́. Àwọn akọ̀wé á kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìdúró o, ọmọ yunifásítì!" Ọjọ́ tó dá àga mi padà ló tó sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ní bí àgbà bá ní kí n dúró, kí n dáhùn pé ẹ ṣé sà, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí n yọ okùn, kí n padà pè é. "Kì í ṣe àfojúdi. Ẹnu ọ̀nà lo wà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ti dí i mọ́ ará ilé, ó ti dí i mọ́ àlejò." Mo gbọ́, mo sì rò pé ó ti wọ̀ mí lára.

Irinṣẹ́ yí padà. Àwọn olè gé waya wa tán lójú ọ̀nà Akínyẹlé, la bá ra rédíò tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn kò lè fọhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí ará Ìjàyè bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó di: "Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ kú wàhálà ìjẹ́ta, ṣé ara bàbá ti le?" Gbogbo oko á dákẹ́, a ó máa retí kí ó kí wa tán. Ọ̀gá Ọládọ̀kun á di orí mú. Ọkọ̀ òfúrufú tó ń sọ̀kalẹ̀ ní Alákíà á tún fi ariwo tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù alágbèéká dé, Ọ̀gá sì fẹ̀yìn tì, ó padà sí abúlé rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Èmi ni mo gba àga rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Àlàájì Gàníyù ra oko náà. Ó fi ọdún bíi mélòó kan jù mí lọ, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ adìẹ láti ìdí ẹyin ni. Ó ra kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹnjiníà, ìwọ lo ka ìwé rẹ̀ nígbà àtijọ́, tún un kọ́." Mo tún un kọ́. Ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra àga ìrọ̀gbọ̀kú, èmi ń ti ìwé bọ orí. Nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ ìsàba tuntun mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun kékeré kan nínú tó ń wọn ooru, tó sì ń sọ bí fáànù ṣe ń yí. Wọ́n ní kí n kọ ètò tí yóò máa gba ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò le. Nínú kọ̀ǹpútà, ojú ọ̀nà kan wà tí gbogbo ẹ̀rọ ń ju ìròyìn sí. Àwa oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ kò ní táyà, kò sì ní kọ̀ńdọ́. Ẹ̀rọ kìíní á ju ọ̀rọ̀ sí i: mo gbóná tó báyìí. Ẹ̀rọ kejì: fáànù mi ń yí. Wọn kì í bèèrè ẹni tó ń gbọ́, wọ́n á sọ tiwọn, wọ́n á máa báṣẹ́ lọ. Àwọn tó ń mú ìròyìn náà là ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi wọ́n ṣe òṣìṣẹ́ tí ojú kò rí: ọ̀kan á mú ìròyìn kan, á ṣe ohun tó yẹ nípa rẹ̀, á padà wá mú òmíràn. Irú èyí tí mo mọ̀ nígbà náà wúwo, ó ń gba àyè púpọ̀, kọ̀ǹpútà wa sì kéré. Mẹ́jọ ni mo fi síbẹ̀.

Àlàájì ní òfin kan. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ti tan jẹnẹrétọ̀ ní wéréwéré lọ́jọ́ kan, iná ìlú bá dé lójijì, ẹ̀rọ méjì jóná. Láti ọjọ́ náà ló ti ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ tàbí ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ kankan láìjẹ́ pé mo ti ní ó yá." Mo kọ ọ́ sínú ètò bẹ́ẹ̀. Bí ìkìlọ̀ kan bá dé, tírẹ́ẹ̀dì tó mú un á fi ránṣẹ́ sí fóònù Àlàájì, á sì dúró títí Àlàájì yóò fi dáhùn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Wọ́n tọ́ mi pé èèyàn kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kó kẹ̀yìn sí i kí àgbà tó lanu. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo kọ́ ẹ̀rọ.

Ìyá Ràfíátù ló ń tọ́jú ilé ìsàba. Opó ni, iṣẹ́ náà sì ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó fi dúró. Kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé, ọwọ́ àti ojú ló fi ń mọ ooru. Á ṣílẹ̀kùn, á mú ẹyin kan, á gbé e lé ìpéǹpéjú rẹ̀, á ní, "Èyí gbóná jù díẹ̀," kò sì ní ṣì í. Èmi ni mo ní kó jáwọ́.

"Ìyá, ẹ̀rọ ló ń wo ooru báyìí. Ojú kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá ti ní àwọ̀ ewé, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Bàbá Kọ̀ǹpútà, ojú tèmi ńkọ́?"

"Ẹ máa fi wo tẹlifíṣọ̀n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Wọ́n ti rán mi lọ sí Akínyẹlé láti lọ tún kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ṣe. Ní Ẹgbẹ́dá, iná ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: ó lọ, ó dé, ó lọ, ó dé. Bátìrì ló ń gbé kọ̀ǹpútà ró. Bí iná ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìsàba ń ju ìkìlọ̀ sójú ọ̀nà. Àwọn ìkìlọ̀ tó kọ́kọ́ dé kò le rárá, ọ̀rọ̀ fáànù tó fa ẹsẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ooru tó rọlẹ̀ díẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì kìíní mú tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Àlàájì, ó dúró. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàájì wà ní mọ́sáláṣí, ó ti pa fóònù rẹ̀ bí Mùsùlùmí rere. Nígbà tí ìkìlọ̀ fi pé mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti tò sílẹ̀, tí wọ́n káwọ́ gbera, tí wọ́n ń retí Àlàájì. Kò ku ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà yẹn gan-an ni fáànù ẹ̀rọ kẹta kú pátápátá. Ẹyin inú rẹ̀ ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ẹ̀rọ náà ké: mo ń gbóná. Ó tún ké: mo gbóná sí i. Ó ń ké, ìròyìn ń ká jọ sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mú un. Ojú kọ̀ǹpútà sì wà ní àwọ̀ ewé, torí pé ìkìlọ̀ kankan kì í dé ojú rẹ̀ kí Àlàájì tó dáhùn, ìròyìn rere ló sì gbà kẹ́yìn.

Ìgbà tí mo fi máa dé, oòrùn ti yẹ̀ lórí. Mo bá Ìyá Ràfíátù tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tíréè ẹyin yí i ká, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kẹta ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó mú ẹyin kan, ó nà án sí mi. "Ẹ gbé e lé ìpéǹpéjú yín."

Mo gbé e síbẹ̀. Mo yára mú un kúrò. Ó gbà á padà, ó sì fọ́ ọ. Ọmọ adìẹ pípé ló wà nínú rẹ̀, ó ti hu ìyẹ́, ó ti kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí yóò gbà jáde. Kò mí.

"Ojú kọ̀ǹpútà ní àwọ̀ ewé," ó ní. "Mò ń wò ó. Ẹ wò ó, ó ṣì ní in báyìí."

Òótọ́ ni. Ó ṣì ní in.

Agbádá tí Àlàájì wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọlé.

"Ta ló wà níbí?" Ojú Ìyá Ràfíátù ló ń wò.

"Èmi ni, Àlàájì."

"O wà níbí, ẹyin sè lójú ẹ?"

"Ẹ̀rọ ló ní kò sí nǹkan, sà."

"Ẹ̀rọ kì í tòògbé, Ìyá Ràfíátù. Èèyàn ló ń tòògbé." Ó yíjú sí mi. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ ẹ bàjẹ́ ni?"

Mo sọ fún yín pé ojú ṣì ń tì mí. Ohun tí mo sọ ni pé, "N ó yẹ̀ ẹ́ wò, sà." Àlàájì ní kí Ìyá máa lọ sílé, kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé wá gba lẹ́tà tó máa fi yọ ọ́ níṣẹ́. Ìyá dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Láàárọ̀ Sátidé mo ṣí àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ fúnra rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ ni mo rí, wọ́n jọra wọn bí ìbejì: mò ń dúró de Àlàájì. Mò ń dúró de Àlàájì. Lẹ́yìn wọn, kò sí nǹkan kan mọ́ fún wákàtí méjì. Iná mẹ́ta ìjọ́sí ṣẹ́jú lójú mi bíi pé àná ni.

Tọ́pẹ́ wà lẹ́yìn mi. Ẹnjiníà ni òun náà, ọmọ Akínyẹlé, ọdún yẹn ni wọ́n gbà á kó lè rọ́pò mi bí mo bá fẹ̀yìn tì. N kò mọ ìgbà tó wọlé.

"Dádì, ẹ ti rí i."

"Ta ló tún rí i?"

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan."

Mo ní, "Ó ku díẹ̀ kí n kúrò níbí, Tọ́pẹ́. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi nìyí."

"Mo mọ̀, sà. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́. Àmọ́ bí Ìyá bá gba lẹ́tà yẹn ní Mọ́ńdè, mi ò ní lè wojú yín mọ́."

Ọjọ́ Àìkú gùn. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé mi, mo ń ṣe àwáwí. Mo ní iná ìlú ló fà á. Mo ní Àlàájì ló ṣòfin. Mo tilẹ̀ ní Ìyá ì bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì lọ ju ọjọ́ méjì, ó sì ti rẹ̀ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ pé sábẹ́ ìbòji tí a máa ń kó oúnjẹ adìẹ sí. Ìyá Ràfíátù wà lápá kan pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì níwájú Àlàájì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un ni mo dìde.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá kò tòògbé. Ètò tí mo kọ ló dúró. Ìkìlọ̀ mẹ́jọ dé, wọ́n bi yín, wọ́n ń dúró kẹ́ ẹ dáhùn. Ẹ wà ní mọ́sáláṣí. Ẹ̀rọ kẹta ké, kò sẹ́ni tó kù tó lè gbọ́ ọ."

Àlàájì rọra gbé lẹ́tà sílẹ̀.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ìrun mi ló pa àwọn ọmọ adìẹ?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n má ṣe é, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Mo retí pé kí Ìyá Ràfíátù dúpẹ́. Kò dúpẹ́. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó bóyá lóòótọ́ ni oorun gbé mi lọ tí n kò mọ̀. Mo ti fẹ́ gbà gbọ́." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Àlàájì. "Àlàájì, bí ẹ bá fẹ́ kí n padà, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ̀rọ bá bi yín tẹ́ ò sì dáhùn, kó bi mí. Bó bá bi mí, kí n lè ṣílẹ̀kùn."

Àlàájì fa lẹ́tà náà ya sí méjì, ó fi sápò. "Ẹ kọ ọ́ ná," ó ní. "N ó rò ó." Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi àti Tọ́pẹ́ ni a tún ètò náà kọ, òun sì ni ọ̀gá mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi irú tírẹ́ẹ̀dì mìíràn hàn mí, èyí tó fúyẹ́. Ti àtijọ́, bó bá ń dúró de èsì, orí àga ni yóò dúró sí, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó. Èyí tó fúyẹ́, bó bá ti rí i pé èsì yóò pẹ́, á dìde, á fi orúkọ sílẹ̀, á yẹra. Ọjọ́ tí èsì bá dé ni wọ́n ó pè é padà síbi tó bá iṣẹ́ dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè máa retí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹnì kan péré ló kù lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó mú ìròyìn, kó fi lé èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́, kó sì kọjú sí ọ̀nà padà.

Tọ́pẹ́ le, kò ní rúlà lásán ni. Á ka iṣẹ́ mi, á mí kanlẹ̀. "Dádì, kí lèyí? Ẹ tún ti ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ìṣẹ́jú kan péré ni mo ní kó dúró."

"Ìṣẹ́jú kan wo? Ẹ pa á rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Mo pa á rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá yan irú iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé ẹ ó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ìyẹn bá ń bí nínú, kó wá nǹkan mìíràn ṣe.

A fi agogo kan sí ilé ìsàba. Bí Àlàájì kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, agogo á dún, ojú kọ̀ǹpútà á sì sọ ẹ̀rọ tó ń ké. Bí ẹ̀rọ kan kò bá tilẹ̀ sọ nǹkan kan mọ́, àwọ̀ ewé á kúrò lójú kọ̀ǹpútà. A sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájì. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì tan ètò náà láìmọ̀ bóyá ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn, ìrun ti bẹ̀rẹ̀, iná ìlú tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti Tọ́pẹ́ wà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Mo ń kà wọ́n: márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Ẹ̀kẹsàn-án dé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà mú un. Ẹ̀kẹwàá. Ìkọkànlá. Gbogbo wọn ti bi Àlàájì, gbogbo wọn ti yẹra, ọ̀nà ṣí sílẹ̀.

"Ó ń gbà á, Dádì," Tọ́pẹ́ ní.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ karùn-ún ké. Fáànù rẹ̀ ti dúró. Ẹyin ogúnjọ́ ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa jáde. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Fóònù Àlàájì kò dáhùn. Ìyá Ràfíátù dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń wo agogo lára ògiri bí ẹni tó ń wo ejò.

Agogo dún. Ó fa ilẹ̀kùn, ooru bù jáde, ó mú ẹyin kan, ó gbé e lé ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Kò tíì pẹ́ jù," ó ní. "Ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé fáànù tábìlì yẹn wá!"

A sáré. A ń gbé, a ń tì, a ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó fi gbé ẹyin lé ojú lẹ́ẹ̀kẹrin, tó sì mi orí pé ó ti dára, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo wa lára. Ìgbà náà ni fóònù mi dún, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Àlàájì ti jáde ní mọ́sáláṣí, ó ti tan fóònù rẹ̀, ó ti rí gbogbo ìbéèrè tó ń retí rẹ̀, àti ìròyìn pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

"Ẹnjiníà! Ta ló ṣí ẹ̀rọ karùn-ún?"

Ìyá Ràfíátù gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Èmi ni, Àlàájì."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Ooru ni, sà."

A ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń jáde ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn Àlàájì. Tọ́pẹ́ di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n ńkọ́?" Àlàájì bèèrè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ìyá Ràfíátù rìn lọ sídìí ẹ̀rọ karùn-ún, ó na fóònù sínú ilẹ̀kùn tó ṣí, sí ẹ̀bá tíréè. Látinú èèpo wọn ni àwọn ọmọ adìẹ ti ń ké, wínníwínní, ọ̀kan dá, òmíràn gbè é. Ó pẹ́ tó fi di fóònù náà mú síbẹ̀.

Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn Àlàájì. "Alihamudulilahi. Ti ilẹ̀kùn yẹn, Ìyá Ràfíátù, kí òtútù má mú wọn."

"Mo ti fẹ́ tì í kẹ́ ẹ tó pè," ó ní, ó sì tì í.